Ìlà Ọkọ̀ Barbe

Firmin Lorquet kì í ṣí ìwé alàwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà. Bí tuntun bá dé láti ilé ìtẹ̀wé, á gbé e sí imú, á gbóòórùn rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn bó ṣe wúwo tó, á sì tì í bọ àárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó ní ẹni tó fi ọdún méjì sí mẹ́ta dúró ti ìkòkò, ọbẹ̀ náà á ti sú u kó tó jinná. Ìwà yìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Odile, fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́fà. Ká ní bàbá náà jẹ́ irú àwọn tó ń ka iṣẹ́ ara wọn lákàtúnkà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí wọ́n fúnra wọn dá, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tú síta tipẹ́, bóyá ì bá sì sàn bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú Huy ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tóóró kan tó kọjú sí odò Meuse, yàrá kan náà ni bàbá àti ọmọ sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè; bí iṣẹ́ tiwọn náà ṣe rí nìyẹn. Firmin á fi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú ya àwòrán sórí ìwé tó nípọn. Odile á wá fi ẹ̀rọ da àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà, á gbé e sójú pátákó onígíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, á sì fi kálámù tí kò ní yíǹkì kun àwọ̀ sí i. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bàbá rẹ̀ ò wojú gíláàsì náà rí, fèrèsé ló ń pè é.

"Fèrèsé rẹ ńkọ́ lónìí?" ló máa ń bi í láàárọ̀. "Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Oòrùn ń ràn, Pàpá. Ẹ gbé ojú ìwé yín wá kó má baà di òkùnkùn."

Barbe ni orúkọ obìnrin tí wọ́n jọ ń yà. Opó ni, ọkọ rẹ̀ kú, ó gba ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ń kó iyanrìn àti èédú lórí odò, kò sì sí ẹni tó ń ṣí ìdènà omi kí ọkọ̀ lè kọjá, láti ìlú Namur dé Liège, tí kò tíì bá jà. Àwọn tó kà á nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ti ń kà á fún ọmọ-ọmọ wọn báyìí. Ohun tí gbogbo èèyàn sì fi mọ Firmin ni ọkọ̀ Barbe. Ìlà kan ṣoṣo ló fi ń yà á. Á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì, á gbé e lé imú ọkọ̀, á sì fà á lọ dé ìdí láìgbé ọwọ́ sókè. Àwọn ayàwòrán mìíràn ti gbìyànjú ẹ̀ títí, wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ó kọjá agbára àwọn.

Ọdún tí ìyàwó rẹ̀, Maryse, kú ni ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà fún un ní orúkọ àìsàn náà, ó tún fún un ní oògùn. Firmin gba oògùn, kò gba orúkọ.

Kì í ṣe pé kò rí i. Ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó sì ń rí bí ìlà náà ṣe ń wárìrì lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ìlọ́po méjì ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Bí wọ́n bá dín in kù, àbùkù inú rẹ̀ náà á dín kù, ìlà tó rí gbágungbàgun á sì wálẹ̀ dáadáa. "Títẹ̀ máa ń dárí jini," ni ọ̀gá tó kọ́ Firmin níṣẹ́ máa ń sọ, kò sì sí ayàwòrán tó dàgbà ní àgbègbè yẹn tí kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Òótọ́ ni, fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Èyí tó wà lọ́wọ́ Firmin ti kúrò ní kékeré, Odile nìkan ló sì mọ̀, nítorí òun ló ń dín in kù.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, inú ìwé kọkànlá ni wọ́n wà. Ó dín ojú ìwé náà kù bó ṣe yẹ, ó wo ọkọ̀ Barbe, ọkọ̀ náà rí bí eyín ayùn. Ó jókòó, ó ń wò ó. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga tirẹ̀, ó ń súfèé, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Àánú rẹ̀ ṣe Odile débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Nínú kọ̀ǹpútà, èèyàn lè tẹ́ ìpele tuntun lé orí àwòrán, bí ìgbà tí a bá gbé gíláàsì lé orí ìwé. Odile tẹ́ ìpele kan, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tún ìlà náà fà lórí ti bàbá rẹ̀. Bó bá ṣì í, á tẹ bọ́tìnnì kan, ìlà náà á pòórá, á tún un fà. Nígbà tó wá rí bó ṣe fẹ́, ó ti ojú ìpele bàbá rẹ̀ pa, kó má hàn mọ́.

Ìlà kan péré ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èéfín tó ń jáde lórí ọkọ̀ náà kò bá ọkọ̀ tuntun mu mọ́, ó tún un yà. Àgbọ̀n Barbe náà ò bá èéfín mu mọ́. Bí àtúnṣe ṣe ń rí nìyẹn, ẹni tó bá fọ gíláàsì fèrèsé kan nínú ilé ti kó ara rẹ̀ sí ìyọnu, á di dandan kó fọ ìyókù. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ìwé kẹtàlá, kò sí ìlà kan tó jẹ́ ti Firmin tí ojú òǹkàwé ń rí. Gbogbo tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní ìpele tí ojú rẹ̀ wà ní pípa.

Quentin Hamoir, ọkùnrin tó ń bójú tó wọn nílé ìtẹ̀wé, ló tún wá fi ìdérí dé ọ̀rọ̀ náà pa. Ó pè lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé kọkànlá jáde.

"Pàpá Firmin, ẹ wá sọ oògùn tí ẹ ń lò fún wa. Ọwọ́ yín dúró ju ti àwọn ọmọ ogún ọdún lọ."

Firmin kọjú sí Odile, ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé o gbọ́ ohun tó wí? Àwọn dókítà á wá sọ tiwọn."

Láti ìgbà tí Maryse ti kú, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jẹun tán nínú àwo. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa la ẹnu sọ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Odile gbé e mì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Odile ò tiẹ̀ rí ogún ọdún lò. Lọ́dọọdún, nígbà ìwọ́wé, wọ́n máa ń ṣe àpéjọ ìwé alàwòrán kan lẹ́bàá odò. Àwọn òǹkàwé á gbé ìwé wọn wá, wọ́n á tò, ayàwòrán á sì ya ohun tí wọ́n bá béèrè sí ojú ewé àkọ́kọ́, lójú wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Firmin ò tíì lọ láti ìgbà tí àìsàn ti dá Maryse dùbúlẹ̀. Lọ́dún yìí, Quentin pè é, kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ tí Firmin fi ní òun ń bọ̀.

"Pàpá, ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń wà níbẹ̀," ni Odile wí nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ̀yin tí èrò ilé búrẹ́dì ń sú."

"Èrò ilé búrẹ́dì ò wá nítorí mi."

"Òtútù ń bẹ nínú gbọ̀ngàn yẹn."

"Mo ní aṣọ òtútù."

Odile gbá ara jọ. "Inú ìwé gan-an lẹ máa yà á sí. Kò sí pé a tún ń dín in kù. Bí ẹ bá ṣe fà á ni wọ́n máa gbé e lọ sílé."

Firmin rẹ́rìn-ín. "Odile, mo ti ń ya ọkọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí ẹ. Nígbà tí ìyá rẹ ń rọbí rẹ, òun ni mò ń yà sára àpòòwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ là. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti dìde, ó ń wá táì tí Maryse rà fún un, ó ń bi í bóyá ó ṣì bá òde mu, Odile sì ní ó bá a mu. Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé bàbá òun jẹ́ ọ̀kan lára irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. Títí ọjọ́ náà fi pé, adúrà tó ń gbà kò ju pé kí òjò ńlá rọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin má lè rìn.

Òjò rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin rìn. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́, ó ń rùn fún ọ̀dùnkún díndín àti aṣọ òtútù tí òjò pa. Wọ́n gbé tábìlì fún Firmin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà kó tó bọ́ kóòtù. Ó bọ́ ọ, ó fún Odile dì mú, ó to búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀, ó dà bí ọkọ ìyàwó.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó gbé àpò ìwé ńlá kọ́ èjìká. "Ẹ kú àtijọ́, Bàbá. Piron ni mí, láti Seraing. Ilé iṣẹ́ irin ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ní bí mi ò bá gba ọkọ̀ Barbe, kí n wá ibòmíì sùn."

"Ìyàwó tó mọ ohun tó dáa nìyẹn," ni Firmin fèsì. "Ẹ gbé e wá, kí ẹ lè rí ibi sùn."

Piron ṣí ìwé kẹtàlá síwájú rẹ̀. Firmin ki búrọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì, ó gbé e lé ibi imú ọkọ̀, ó sì fà á. Ìlà náà lọ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Kó tó dé àárín, ó já, yíǹkì sì kán sílẹ̀. Firmin gbé ọwọ́ kúrò.

"Tábìlì yìí ń mì," ló wí.

Odile kúnlẹ̀, ó ká bébà, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì náà dúró gbọin tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀. Firmin tún un fà sí ìsàlẹ̀ èkíní. Èyí burú jù ú lọ. Ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ tó ń yàwòrán mú, ó fà á nígbà kẹta. Àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́, irú ìdákẹ́jẹ́ ọmọlúàbí tó ń dunni ju èébú lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni Piron sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó dáa gan-an."

"Má purọ́ fún mi, ọ̀rẹ́ mi."

Firmin ṣí ìwé náà síwájú, ó ń wá ibi tí wọ́n ti tẹ ọkọ̀ náà, bóyá kó lè fi ojú wọn bó ṣe gùn tó. Ó rí i. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó wá ń fi ìka tọ ìlà ọkọ̀ náà lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó wo àpò Piron.

"Ṣé àwọn tó kù wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn, Bàbá."

Piron tò wọ́n sórí tábìlì fún un. Firmin ṣí ìkẹwàá, ó ṣí ìkejìlá, ó ṣí ìkọkànlá. Kò kánjú. Bó ṣe ń ṣí wọn ni Odile ń wò ó.

"Tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní imú ọkọ̀," ni Firmin wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ibẹ̀ ló ti ń sanra, á wá máa tín-ín-rín lọ sí ìdí. Èyí sanra ní ìdí. Ẹni tó yà á, láti ìdí ní apá ọ̀tún ló ti fà á wá."

Ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ òsì Odile tó di kóòtù mú. Odile fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ kóòtù, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti jẹ́wọ́.

Firmin dìde. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "Jókòó."

"Pàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti dúró látàárọ̀. Ẹni tí wọ́n wá wò ni kó jókòó."

Kò pariwo, kò bínú lójú ayé. Odile jókòó. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni kò ti fi yíǹkì gidi yàwòrán mọ́. Ó fa ìlà, ó ṣì í, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lọ fúnra rẹ̀ síbi tí bọ́tìnnì tó ń pa ìlà rẹ́ yẹn máa ń wà, ó ń tẹ igi tábìlì.

"Kò sí ìyẹn níbí," ni bàbá rẹ̀ wí lókè orí rẹ̀. "Máa bọ̀."

Ó fa àga mìíràn súnmọ́ ọn. Ó pò yíǹkì pọ̀ mọ́ omi nínú ife, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kejì kun odò sábẹ́ ọkọ̀ tí Odile bá ti yà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí omi ò nílò ọwọ́ tó dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí èrò fi tán. Inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ní ẹ wo bí ọmọ ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Quentin kọjá, ó ní ohun tó dùn ún wò jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Piron nìkan ló padà wá kó tó máa lọ ilé, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bàbá náà mú.

Nígbà tí wọ́n délé, Firmin ò bọ́ bàtà, orí àga Odile ló lọ jókòó sí.

"Ṣí i fún mi."

Odile ṣí ìwé kọkànlá nínú kọ̀ǹpútà. Ó ti ojú ìpele tirẹ̀ pa, ó la ojú ti bàbá rẹ̀. Barbe jáde, àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, èéfín ń wárìrì lórí rẹ̀. Firmin ní kó ṣí òmíràn. Odile ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá ń wò wọ́n, ilẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú odò.

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́."

"Barbe ti ń darúgbó," ni Firmin wí. "Wò ó. Mo rò pé a jọ ń darúgbó ni, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ̀n díẹ̀. Mo rò pé díẹ̀ yẹn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn."

Omijé ti dé ojú Odile. "Àánú yín ló ṣe mí, Pàpá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi lè bá ẹ jà nìyẹn." Ó yíjú sí pẹpẹ. "Èwo ló jẹ́ tèmi pátápátá kẹ́yìn?"

Odile mú ìwé kẹwàá lórí pẹpẹ, ó ṣí ojú ewé ìparí. Barbe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté nínú òjò, ó ń ṣépè fún ẹni tó ń ṣí ìdènà omi, ó ti kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó. Firmin wò ó pẹ́.

"Mo rántí ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó ń pè mí, mo bá fi ìkánjú parí rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ya ojú Barbe." Ó pa ìwé náà dé. "Ká ní mo mọ̀ pé òun ni ìkẹyìn, ǹ bá ti dágbére fún un."

"Ẹ ṣì lè yà á. Ẹ máa yà á bó ṣe ń jáde, a óò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ yìí ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà yẹn, wọn ì bá gbọ́ ohun tó ń sọ." Ó gbé ọwọ́ náà lé orí orúnkún rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe ń ṣe. "Ìwọ náà rí i lónìí."

Òótọ́ ni, Odile rí i.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Firmin ní kó bu kọfí fún òun. Odile lọ sídìí ààrò, ó bu kọfí dé ìdajì ife bó ṣe máa ń ṣe, kó má baà dà sí i lára, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Firmin wo inú ife náà.

"Bù ú kún."

Odile gbé e padà, ó bù ú kún dé ẹnu. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Kọfí dà sórí táì rẹ̀, ó dà sórí tábìlì, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àwọn ìwé. Odile na ọwọ́ sí àkísà, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ lé itan, ó sì ń wò ó títí ó fi mu ún tán.